Rispa Lórí Àpáta: Ọ̀rọ̀ fún Ọjọ́ Ìrántí Àwọn Ọmọ-ogun



Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù January ọdọọdún ni ilẹ̀ wa máa ń ṣe ìrántí àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ tí wọ́n ti sùn. Ní Abuja, Ààrẹ a máa fi òdòdó ẹ̀yẹ lélẹ̀ níbi òkúta ìrántí. Ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, Gómìnà a máa ṣe bákan náà. Àwọn sójà a fọn fèrè, wọn a yin ìbọn, a ó sì tú àwọn ẹyẹlé sílẹ̀ láti fò lọ ní àmì àlàáfíà. Ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú rẹ̀, àwọn Ìjọ a máa pé jọ láti gbàdúrà, gẹ́gẹ́ bí àwọn Mùsùlùmí ti ń ṣe ní ọjọ́ Jímọ̀ tiwọn. Ohun tí ó yẹ ni, a kò sì ní ohun kan láti wí sí i.

Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn tí ń ka ìwé ìròyìn yìí kò sí ní Abuja, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò sí ní olú-ìlú ìpínlẹ̀ kankan. Ìlú kéékèèké ni wọ́n ń gbé, níbi tí kò sí òkúta ìrántí, tí kò sí fèrè, tí ẹyẹlé tí ó sì wà níbẹ̀ jẹ́ ti aládùúgbò tí kò ní gbà kí ẹnikẹ́ni tú u sílẹ̀. Ọjọ́ náà kì í ṣe ọjọ́ tí a ń ti ibi iṣẹ́. Olùkọ́ yóò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, oníṣòwò yóò lọ sí ọjà, àgbẹ̀ yóò gba ọ̀nà oko. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì fi ṣú, ọjọ́ ìrántí ti kọjá lọ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rántí ohun kan. Kí ni kí ẹni tí kò ní òdòdó ẹ̀yẹ láti fi lélẹ̀ ṣe? Ìbéèrè yìí ni a fẹ́ gbé síwájú Ìwé Mímọ́ ní oṣù yìí.

Ẹ ṣí Bíbélì yín sí ìwé Sámúẹ́lì Kejì, orí 21, kí ẹ sì kà á láti ẹsẹ 1 títí dé ẹsẹ 14 kí ẹ tó máa bá wa lọ. Ìtàn tí ó le ni. A kì í sábà gbọ́ ìwàásù lórí rẹ̀, bóyá nítorí pé ó ń ba ni lẹ́rù. Ìyàn mú ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì fún ọdún mẹ́ta léraléra. Dáfídì béèrè lọ́dọ̀ Olúwa, ó sì gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Gíbéónì tí Sọ́ọ̀lù ta sílẹ̀ ni ó fà á. Àwọn ará Gíbéónì kò gba fàdákà tàbí wúrà. Ọkùnrin méje nínú ilé Sọ́ọ̀lù ni wọ́n béèrè. Dáfídì fi wọ́n lé wọn lọ́wọ́, wọ́n sì so wọ́n rọ̀ lórí òkè níwájú Olúwa. Méjì nínú àwọn méje náà jẹ́ ọmọ Rispa, ọmọbìnrin Aya, ẹni tí ó ti jẹ́ àlè Sọ́ọ̀lù. A sì fi òkú wọn sílẹ̀ níta gbangba.

Kí ni Rispa ní lọ́wọ́? Ọba tí ó gbé e sọ́dọ̀ ti kú. Ilé tí ó ń gbé inú rẹ̀ ti wó. Kò ní agbára láti bá Dáfídì ṣe ẹjọ́, kò sì sí ìjòyè kan tí yóò bá a sọ̀rọ̀ láàfin. Aṣọ ọ̀fọ̀ kan ni ó ní. Ó tẹ́ ẹ sórí àpáta, ó sì jókòó lé e. Bí ẹyẹ bá dé ní ọ̀sán, a lé e. Bí ẹranko ìgbẹ́ bá dé ní òru, a lé e. Ìwé Mímọ́ kò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ó ti ẹnu rẹ̀ jáde. Ìbẹ̀rẹ̀ ìkórè ọkà báálì ni ó jókòó, kò sì dìde títí òjò fi rọ̀ láti ọ̀run wá sórí wọn. Ní ilẹ̀ náà, ìkórè báálì máa ń bọ́ sí nǹkan bí oṣù April, òjò àkọ́rọ̀ kì í sì í dé títí di nǹkan bí oṣù October. Àwọn olùtumọ̀ kan rò pé ó ṣeé ṣe kí òjò ti tètè dé ní ọdún náà. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni, kí ẹni tí ó bá jẹ́ ìyá nínú wa rò ó wò.

A sọ ohun tí Rispa ṣe fún Dáfídì. Ẹ kíyèsí ohun tí ó tẹ̀lé e. Egungun Sọ́ọ̀lù àti ti Jónátánì, ọ̀rẹ́ tí ó fẹ́ràn Dáfídì bí ẹ̀mí ara rẹ̀, ti wà ní Jábẹ́ṣì-Gílíádì láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí wọ́n kú, Dáfídì ti kọ orin arò fún wọn. Orin náà dára púpọ̀, a sì ń kà á títí di òní. Ṣùgbọ́n kò lọ kó egungun wọn wá sí ilẹ̀ baba wọn. Obìnrin tí ó jókòó lórí àpáta ni ó rán ọba létí iṣẹ́ tí orin kò ṣe. Dáfídì dìde, ó lọ kó egungun wọn wá, a kó ti àwọn méje náà jọ pẹ̀lú, ìsìnkú sì wáyé ní ilẹ̀ Bẹ́ńjámínì, nínú ibojì Kíṣì baba Sọ́ọ̀lù. Lẹ́yìn èyí ni a kọ ọ́ pé Ọlọ́run gbọ́ ẹ̀bẹ̀ nítorí ilẹ̀ náà. A so ọkùnrin méje rọ̀, Ìwé Mímọ́ kò sọ pé Ọlọ́run gbọ́. A sìnkú tán, ó sọ ọ́. Àwa kò rò pé bí a ti tò ó yìí jẹ́ èèṣì.

Ọ̀ràn tiwa kò jìnnà sí èyí. Láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti fún ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà, ọjọ́ kọkànlá oṣù November ni a ń ṣe ìrántí yìí, nítorí pé ní ọjọ́ náà, ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀, ní 1918, ni ìbọn dákẹ́ nínú ogun ńlá àwọn ará Yúróòpù. Nígbà tí ogun abẹ́lé tiwa parí, tí àwọn aṣojú Biafra sì fi ọwọ́ sí ìwé ìtẹríba ní Èkó ní January 15, 1970, ni a gbé ìrántí náà wá sí ọjọ́ yìí. Nítorí náà, òkú ogun púpọ̀ ni ó wà nínú ọjọ́ kan ṣoṣo yìí: àwọn tí ó kú ní Kamẹrúùnù àti ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà láàrín 1914 àti 1918, àwọn tí ó kú ní Bọ́mà nínú ogun Hitler, àwọn tí ó kú nínú ogun ara wa láti 1967 sí 1970, àwọn tí a rán lọ pa iná ogun ní Làìbéríà àti Sàró, àti àwọn tí ó ti ń ṣubú ní Ìlà-Oòrùn Àríwá ilẹ̀ wa láti 2009.

Àwọn baba wa ní àṣà kan tí ó fi ọkàn wọn hàn. Bí ẹnìkan bá kú sí ojú ogun tàbí sí ìdálẹ̀, tí a kò sì lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọn a gé irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọn a sì gbé e wá fún àwọn ará ilé láti sin. Wọ́n mọ̀ pé irun kì í ṣe ènìyàn. Síbẹ̀ wọn kò fẹ́ kí ìyá kan wà láìní ibi tí yóò fi ojú sùn pé ọmọ òun nìyí. Ṣùgbọ́n ta ni ó gé irun àwọn tí ó kú ní Bọ́mà? Nǹkan bí 90,000 ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ó rékọjá òkun lọ sí ìhà ibẹ̀, àwọn ọmọ Nàìjíríà sì ni ó pọ̀ jù nínú wọn. Nínú àfonífojì Kaladan ní 1944, kò sí ọ̀nà ọkọ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi la ọ̀nà tí ó lé ní 70 máìlì, orí ni wọ́n fi ru ẹrù, láti ojú ọ̀run ni a sì ń ju oúnjẹ sílẹ̀ fún wọn. Ní Taukkyan, ní ìtòsí ìlú Rangoon, ọ̀wọ̀n ìrántí kan wà tí a kọ orúkọ àwọn ọmọ-ogun tí ó súnmọ́ 27,000 sí, gbogbo wọn ẹni tí a kò mọ ibojì rẹ̀. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà nínú wọn.

Àwọn wọ̀nyí tilẹ̀ ní òkúta. Àwọn aláàárù ogun ti 1914 sí 1918 kò ní. Egbẹẹgbẹ̀rún ọ̀dọ́mọkùnrin ni ó ru ọta ìbọn àti àpò ìrẹsì tẹ̀lé àwọn sójà nínú igbó Kamẹrúùnù àti ti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Àìsàn pa wọ́n ju ìbọn lọ. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn ni ẹnikẹ́ni kò gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára òkúta kankan. A kà wọ́n gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka ẹrù tí wọ́n rù.

Nínú gbogbo ìtàn Bọ́mà, èyí tí ó wọ̀ wá lọ́kàn jùlọ ni ti Isaac Fadoyebo, ọmọ Emure-Ile ní ẹ̀bá Ọ̀wọ̀. Kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún lọ nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun, ẹgbẹ́ àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ni a sì fi í sí. Ní oṣù March 1944, àwọn ará Jèpáànù kọlù wọ́n lẹ́bàá odò nínú àfonífojì Kaladan. Púpọ̀ nínú ẹgbẹ́ rẹ̀ kú. Ìbọn fọ́ ẹsẹ̀ òun. Òun àti ọmọ Sàró kan ni ó ṣẹ́kù sínú igbó. Àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ Shuyiman, Mùsùlùmí ará abúlé ibẹ̀, ni ó fi wọ́n pamọ́ tí ó sì ń bọ́ wọn fún oṣù mẹ́sàn-án, nígbà tí ó mọ̀ pé bí àṣírí bá tú, a ó pa òun àti ilé òun. Fadoyebo padà wálé. Ó ṣe iṣẹ́ ìjọba, ó bímọ, ó di arúgbó. Ní 2011, nígbà tí oníròyìn kan tí ń jẹ́ Barnaby Phillips fẹ́ lọ wá ìdílé náà rí, Fadoyebo kọ lẹ́tà ọpẹ́ kan rán sí wọn. Shuyiman ti kú; àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó gbà á. Ọdún 67 ni ó wà láàrín oore náà àti lẹ́tà náà. Fadoyebo kú ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ní 2012.

Ẹ wo bí ohun náà ti kéré tó: bébà kan, yíǹkì díẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ilé kan tí ó jìnnà sí wa ju ibi tí ojú lè rí, a pe orúkọ baba kan pẹ̀lú ọpẹ́, láti ẹnu ẹni tí ó gbà là. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn òǹkàwé wa bá jẹ ènìyàn kan ní irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀, kí ó kọ ọ́ kí January 15 tó dé.

Orúkọ ni a fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin olùkọ́ ni a ń bá sọ̀rọ̀ níhìn-ín jùlọ. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí ogun Hitler parí ní 1945, bí ó bá wà láàyè, yóò ti súnmọ́ ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn baba wọ̀nyí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wọn ṣì wà, àti àwọn opó àwọn tí ó ja ogun abẹ́lé. Àpótí onírin tí wọ́n gbé ti ojú ogun dé ṣì wà lábẹ́ ibùsùn, àwòrán wọn ṣì wà lára ògiri tí èéfín ti sọ di dúdú. Kí olùkọ́ sọ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan pé kí ó lọ bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ léèrè pé, “Ta ni nínú ilé wa tí ó lọ sí ogun?” Kí ó kọ ìdáhùn náà sí ìdajì ojú ìwé: orúkọ ẹni náà, ibi tí ó lọ, bóyá ó padà tàbí kò padà, àti ohun kan tí a rántí nípa rẹ̀. Kí olùkọ́ má ṣe gba àkọsílẹ̀ tí ó kún fún “akọni” àti “akíkanjú”. Ọ̀rọ̀ wọ̀nyí kò ná ọmọdé ní ohun kan, ó lè rí wọn nínú ìwé kíkà rẹ̀. Bí a bá sọ fún un pé bàbá-ńlá rẹ̀ kò lè gbọ́ ariwo àgbá láti ìgbà tí ó ti dé láìjẹ́ pé ó dìde dúró, èyí ni kí ó kọ. Àwọn ilé kan yóò wí pé, “Kò sí ẹnikẹ́ni.” Kí a ka èyí náà sí ìdáhùn, kí a fún ọmọ bẹ́ẹ̀ ní orúkọ ẹlòmíràn láti rántí.

Ní ti ìdákẹ́jẹ́ ìṣẹ́jú méjì, Ọba George Karùn-ún ni ó bẹ̀ pé kí a ṣe é ní 1919, ní ọdún kan gééré lẹ́yìn tí ìbọn dákẹ́. Ẹnìkan lè wí pé kì í ṣe àṣà wa; ẹkún ni àwa fi ń sin òkú, oríkì ni a fi ń pè é. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù jókòó tì í fún ọjọ́ méje àti òru méje láìsọ̀rọ̀, ìgbà náà sì ni wọ́n ṣe dáradára jù. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n bà á jẹ́. Ní agogo mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí olùkọ́ fi ṣọ́ọ̀kì lélẹ̀, kí ìyá tí ń wọn gàrí gbé agbada ìwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀, kí àgbẹ̀ fi ọkọ́ ti ara igi. Kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú orúkọ kan wọ inú ìdákẹ́jẹ́ náà lọ, nítorí ẹni tí ó bá wọ inú rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, ọbẹ̀ ọ̀sán ni yóò máa rò.

Àwọn arákùnrin kan ti béèrè bóyá gbogbo èyí kò súnmọ́ ìbọ òkú, tàbí àdúrà fún òkú tí Ìjọ wa ti kọ̀ nígbà tí ó kọ ẹ̀kọ́ pọ́gátórì. Ìbéèrè rere ni. A kò bẹ òkú ní ohunkóhun, bẹ́ẹ̀ ni a kò rò pé àdúrà wa ni yóò tún ohun tí Kristi ti parí ṣe. Ṣùgbọ́n Ìwé Àdúrà wa kò kọ̀ pé kí a máa fi ìyìn fún Ọlọ́run nítorí àwọn tí ó ti kọjá lọ nínú ìgbàgbọ́ àti ìbẹ̀rù Rẹ̀; a ń ṣe é nínú Ìsìn Ìdàpọ̀ Mímọ́. Olúwa wa fúnra Rẹ̀, ní òru tí a fi Í hàn, kò ní kí a kọ́ ọ̀wọ̀n ńlá ní ìrántí Òun. Àkàrà àti wáìnì tí ó wà lórí tábìlì ni Ó mú.

Ní ti àwọn alààyè: Rispa kò lè jí àwọn ọmọ rẹ̀ dìde, ṣùgbọ́n ó lè lé ẹyẹ. Opó sójà wà ní ọ̀pọ̀ ìjọ wa, pàápàá àwọn ọ̀dọ́ tí ọkọ wọn ṣubú ní Borno. Àwọn ẹyẹ tiwọn ni fọ́ọ̀mù owó ìfẹ̀yìntì tí wọn kò lè kọ, owó ilé-ẹ̀kọ́ tí ó pé, òrùlé tí ń jò, mọ̀lẹ́bí tí ń fẹ́ gba ilẹ̀. Akọ̀wé kan nínú ìjọ lè lo ọ̀sán kan láti bá opó kan kọ fọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ lè ro ibojì kan tí igbó ti bò. Kò sí ẹni tí yóò ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn, àní tiwa yìí pàápàá.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Ọjọ́ tí a yàn fún ìrántí yìí jẹ́ ọjọ́ tí apá kan nínú àwọn ará wa tẹríba. Àwọn ará wa Ígbò ń jókòó lórí àga kan náà pẹ̀lú wa nínú ilé Ọlọ́run. Ẹni tí ó pàdánù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lójú ogun, tàbí tí ebi pa àbúrò rẹ̀ ọmọdé ní 1968, ohun tí ó ń gbọ́ nígbà tí a bá fọn fèrè ní January 15 lè má jẹ́ ohun tí àwa ń gbọ́. Ọ̀gágun Gowon kéde nígbà náà pé kò sí aṣẹ́gun, kò sì sí ẹni tí a ṣẹ́gun. Ẹnu ìjọba ni èyí ti jáde. Ẹnu tiwa ń kọ́? Ní August 1967 ogun náà dé Ore, ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an. Títí di òní, bí ohun kan bá ṣòro, a ó wí pé, “Ó le kú, ìjà Ore,” a ó sì rẹ́rìn-ín. Àwọn arìnrìn-àjò ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láti ra oúnjẹ lójú ọ̀nà Benin. Mélòó nínú wa ni ó tíì rò ó rí pé ènìyàn ni ó kú nínú òwe náà, ọmọ ìyá kan níhìn-ín, ọmọ ìyá kan lọ́hùn-ún?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò bínú sí èyí. Wọn yóò wí pé, “Ṣé kí a pe orúkọ ẹni tí ó yìnbọn lu ọmọ wa nínú ilé Ọlọ́run?” A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n padà lọ ka ẹsẹ 12 nínú orí tí a kà. Egungun ta ni Dáfídì lọ kó? Ti Sọ́ọ̀lù, ẹni tí ó ju ọ̀kọ̀ lù ú, tí ó sì dọdẹ rẹ̀ nínú ihò àpáta àti ní aṣálẹ̀. A kò kọ́ ẹnikẹ́ni pé ọ̀ràn náà rọrùn. Ó pẹ́ kí Dáfídì tó ṣe é, obìnrin kan ni ó sì kọ́kọ́ dójú tì í.

Nítorí náà a bẹ àwọn Àlùfáà àti àwọn Kátíkíìsì pé, ní ọjọ́ Ìsinmi tí ó ṣáájú January 15, kí wọ́n fi ìwé kan sí ẹnu ọ̀nà ilé Ọlọ́run, pẹ̀lú kálámù kan, kí ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kọ orúkọ òkú ogun tirẹ̀ síbẹ̀ kọ ọ́ kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀. Kí a má ṣe béèrè irú ogun tí ó jẹ́, tàbí apá tí ẹni náà jà fún, tàbí bóyá sójà ni tàbí aláàárù. Kí a kà wọ́n bí álífábẹ́ẹ̀tì ti tò wọ́n, láìfi oyè ológun kún un. Bí ẹni tí ó kọ orúkọ bá fẹ́ kà á fúnra rẹ̀, kí a jẹ́ kí ó kà á; bí omijé kò bá sì jẹ́ kí ó parí rẹ̀, kí ẹni tí ó jókòó tì í bá a kà á tán.